Ìwé Tí Mo Kọ Nítorí Páìpù Bárékè

Akọ̀wé ni mí ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn. Mo ti kọ ìwé tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni àwọn ará ìlú yìn mí fún, òun náà sì ni ìbá wù mí kí n má kọ rárá.

Bárékè àwọn ṣójà wà lórí òkè, àdúgbò wa wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ri àwọn páìpù tó ń gbé omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bárékè mọ́lẹ̀, fún ìwọ̀nba èèyàn tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Èèyàn pọ̀ sí i, páìpù kò pọ̀ sí i, nígbà tó sì yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ̀gbin á ru jáde lẹ́nu kòtò, á gba abẹ́ ògiri, á ṣàn wá sínú odò kékeré tó wà nítòsí kànga àdúgbò. Bí a bá lọ sí bárékè, wọ́n á ní àwọn náà ti kọ̀wé títí, kò sówó. Bí a bá lọ sí káńsù, wọ́n á ní ti ìjọba àpapọ̀ ni bárékè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé ilé tó kẹ́yìn kí èèyàn tó dé odò. Òun ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ ni, ó sì mú mi dání. Èlùbọ́ ló ń ṣe: á bó iṣu, á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, á sá a sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́ kó tó bímọ. Nígbà tí Ọlọ́run dá a lóhùn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni.

Ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà lọ́dún tí onígbáméjì wọ àdúgbò wa. Àárọ̀ Ọjọ́rú ló bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́, tó sì ń bì. Kó tó di ọ̀sán a ti gbé e dé ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìrun alásàrì, ó ti kú. A sin ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún níṣojú ẹnì kankan.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn ààfáà ti lọ, ó pè mí sẹ́yìnkùlé.

Ó ní, “Èmi ni mo bu omi yẹn fún un.”

Mo ní, “Omi wo, àǹtí mi?”

“Omi kànga. Ó ti iléekéú dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Omi sísè ti tán, igi sì tutù, n kò rí iná dá. Mo bu ife kan fún un. Ó mu ún tán, ó ní kí n fún òun sí i, mo tún bu òmíràn.” Ó wojú mi. “N kò sọ fún bàbá rẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo ní n kò ní sọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, alága káńsù gbọ́ pé àjọ kan wà tó ń fún ìlú lówó ìrànwọ́ láti tún ọ̀nà omi ẹ̀gbin ṣe. Àwọn ọ̀gá bárékè gbà pé kí káńsù bá àwọn béèrè. Ẹnjiníà wa wọn gbogbo páìpù, èmi kọ ìwé. Kò pẹ́ tí àjọ náà fi dá a padà, wọ́n ní àwọn kò rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan aráàlú.

Ẹnjiníà gbé e sórí tábìlì mi. “Páìpù nìkan ló wà nínú ẹ̀. Fi èèyàn sí i.”

Mo jókòó tì í láti àárọ̀. Mo kọ nípa òórùn, mo kọ nípa kànga tí wọ́n tì pa lẹ́yìn onígbáméjì, gbogbo rẹ̀ kò ta èèyàn lára. Lẹ́yìn náà ni mo kọ nípa ìyá kan ní ìsàlẹ̀ òkè, tó ń ṣe èlùbọ́, tó bímọ kan ṣoṣo. Mo kọ igi tó tutù. Mo kọ ife àkọ́kọ́ àti ife kejì. N kò kọ orúkọ, mo sì sọ fún ara mi pé nígbà tí n kò ti kọ orúkọ, n kò dalẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ bá a. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí káńsù. N kò lọ.

Àjọ náà rán èèyàn mẹ́ta wá. Káńsù pe àwọn ará àdúgbò sí gbọ̀ngàn, alága sì ní kí n ka ìwé náà sókè ní Yorùbá kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ohun tí a béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín àwọn obìnrin, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Inú rẹ̀ máa ń dùn bí ó bá rí mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Mo lè fo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn àlejò gbọ́ Yorùbá, ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá fò ó, á rò pé irọ́ ni mo pa. Mo kà á. Kí n tó dé ibi ife kejì, àwọn obìnrin tó wà níwájú ti ń yíjú padà wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jáde.

Mo bá a nílé, ó ń kó iṣu gbígbẹ sínú àpò.

“Ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi ni, àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n máa fún wa lówó náà. Ọmọ ẹlòmíràn kò ní...”

“Mo mọ̀.” Kò wò mí. “Mo rò pé ìwọ ni mo sọ ọ́ fún lọ́jọ́ yẹn. N kò mọ̀ pé káńsù ni.”

Ó so ẹnu àpò náà.

“Bí o bá bi mí ni,” ó ní, “bóyá ǹ bá ní kí o kọ ọ́. O ò bi mí.”

Ọkọ rẹ̀ gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò jà. Ó kàn ń bi í lójoojúmọ́, ìdí tí kò fi sọ fún òun. Ìyá ọkọ wá láti Òkèhò, tirẹ̀ kò jẹ́jẹ́. Àwọn oníbàárà náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú omi tó fi rẹ iṣu, kò sì pẹ́ tí wọn kò fi yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ̀gbọ́n mi ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wa. Ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ló lọ.

Owó náà jáde. Wọ́n hú àwọn páìpù àtijọ́, wọ́n ri tuntun, wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá sí ẹ̀yìn bárékè níbi tí kò ti lè ṣàn wá sọ́dọ̀ wa. Òjò ọdún méjì ti rọ̀ kọjá, kò sí ọmọ tó kú. Àwọn abiyamọ máa ń dá mi dúró lọ́nà láti ṣàdúrà fún mi. Mo máa ń ṣe àmín.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ẹ̀gbọ́n mi rí mi, ó dìde nídìí iṣu, ó nu ọwọ́.

“Ẹ kú ìrìn o,” ó ní. “Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jẹun?”

Mo wẹ̀yìn wò, mo rò pé ẹlòmíràn ló tẹ̀ lé mi wọlé. Láti kékeré mi, ẹ̀gbọ́n mi kò pè mí ní “ẹ” rí.

Mo sọ fún un pé wọ́n ti parí páìpù. Ó bi mí bóyá odò ti mọ́, mo ní ó ti mọ́.

“Alihamudulilai,” ó ní. “Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe.”

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé òun ti foríjì mí tipẹ́, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Ó gbé oúnjẹ fún mi, ó jókòó lọ́tọ̀ títí mo fi jẹun tán.

Mo ṣì ń lọ kí i lóṣooṣù. Ara rẹ̀ le, iṣu ibẹ̀ sì dára fún èlùbọ́. Bí mo bá ti yọ, á nu àga fún mi, á ní kí n jọ̀wọ́ jókòó, á sì béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé mi bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àlejò.