Ìyàwó Kékeré Tó Ń Jẹ Páálí

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ewúrẹ́ wa ló ń bá a sọ ọ́. Wẹ́dà tó ń jó irin ni ọkọ mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú yàrá méjì tí a háyà ní Sama Road, nílẹ̀ Hausa, èmi sì ń ránṣọ nínú ilé. Abẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni ewúrẹ́ pupa kan tó rà máa ń dùbúlẹ̀ sí látàárọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ mi ti wẹ̀, tí mo ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú sọ̀rọ̀, á di ewúrẹ́, á sì ròyìn gbogbo ohun tí ewúrẹ́ rò lọ́jọ́ náà fún mi.

"Ẹ káalẹ́ o, ìyáálé mi," ni ewúrẹ́ máa ń wí. Ó ní òun ni ìyàwó kékeré, nítorí pé òun àti ọkọ ni wọ́n jọ ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. "Ẹ̀rọ ìránṣọ yín sọ̀rọ̀ títí lónìí, kò sọ ẹyọ kan tó yé mi. Mo jẹ páálí kan. Ó dùn, àmọ́ ti àná dùn jù ú lọ. Àwọn Yorùbá ní ewúrẹ́ ilé kò mọyì ọdẹ. Ọdẹ wo ló wà ní Sama Road tí n ó mọyì rẹ̀? Màlámù tó kọjá níjẹta kí mi ní 'sannu'. Òun nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún mi ládùúgbò yìí."

Èmi náà á dá a lóhùn. Mo máa ń kìlọ̀ fún ìyàwó kékeré pé kó yéé jẹ aṣọ oníbàárà. Bí ọkọ mi bá tiẹ̀ ní nǹkan kan sínú, ewúrẹ́ ló ń gbà á sọ: "Wọ́n ní ọbẹ̀ àná níyọ̀ jù. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o."

Nígbà tí oyún mi ti ń tóbi, ewúrẹ́ náà ní tirẹ̀ nínú. "Ìyáálé mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣáájú yín bí," ló ń wí, "kí ayé má baà sọ pé mo yájú." Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn mí.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà, kò sì ké. Kí ojú mi tó là, nọ́ọ̀sì ti wé e, ó ti gbé e lé ọkọ mi lọ́wọ́, ọkọ mi sì ti gbé e fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa pé kí wọ́n lọ sin ín. Ọkùnrin ni. N kò rí ojú rẹ̀.

Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ ọ́, títí mo fi kórìíra agbè. Aládùúgbò wa, obìnrin Hausa kan, kò mọ òwe náà. "Sai hakuri" nìkan ló wí, pé kí n ṣe sùúrù, ó sì jókòó tì mí, ìyẹn sàn fún mi ju òwe lọ. Ẹnu rẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ, ọkọ mi padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń jó irin títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò fi búburú sọ ọ́. Àmọ́ inú bí mi sí ọkọ mi débi pé n kò fẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ewúrẹ́ bí méjì lọ́sẹ̀ tí mo dé láti ọsibítù. Abẹ́ fèrèsé mi ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ké. Ọkọ mi kò fi imú sọ̀rọ̀ mọ́. Á jẹun, á ní "o ṣeun", á lọ sùn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí n mọ ibi tí ọmọ mi wà. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà.

"Ìyàwó, má bi mí mọ́," ó ní. "Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Bàbá rẹ̀ gan-an kò mọ̀ ọ́n, ilé la ní kó máa lọ."

Mo mọ̀ pé àṣà wa ni. Ìyá tó bí mi náà fara mọ́ ọn nígbà tirẹ̀. Èmi kò lè fara mọ́ ọn.

Ọyẹ́ ti dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ọkọ mi ń jẹ ẹ̀bà. N kò bi í, nítorí àṣà á dí i lẹ́nu. Ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí lẹ́nu ọ̀nà ni mo kọjú sí.

"Ìyàwó kékeré," mo ní, "ó pẹ́ tí o ti ròyìn fún mi. Ibo lo jẹ̀ dé?"

Ọkọ mi dá ọwọ́ dúró nínú àwo. Mo rò pé yóò dìde. Ohùn imú náà ló jáde, ó ti ha.

"Ẹ káalẹ́, ìyáálé mi. Mo jẹ̀ dé Kasarawa, lẹ́yìn ìlú lọ́hùn-ún." Ewúrẹ́ wa kò kọjá òpópónà yìí rí láyé rẹ̀. "Àwọn àgbà kan gbé nǹkan lọ síbẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ wa máa lọ sílé, kò lọ. Ó ń tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Igi dóńgóyárò kan wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni."

"Irin wo ló wá ń jó lọ́jọ́ náà?"

"Irin tí kò wúlò ni, ìyáálé mi. Ẹni tó bá ń jó irin, kò sẹ́ni tí í bi í pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi pọ́n."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo bi ewúrẹ́ bóyá oòrùn ń pa ibẹ̀.

"Ìbòòji wà. Koríko hù níbẹ̀ nígbà òjò, ó tutù dáadáa. N kò jẹ ẹ́."

"Ta ni ọmọ náà jọ?"

Ọkọ mi fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ dá mi lóhùn.

"Ìwọ ló jọ."