Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Dọ̀bálẹ̀ Dí Ẹnu Ọ̀nà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá ẹ̀mí sí lọ́jọ́ tí omi yí yàrá wa ká, tí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí ìròyìn òkú ni ǹ bá máa kọ báyìí.

Limawa ni a ń gbé ní Minna nígbà náà, ọdún díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tó wọlé. Ilé alámọ̀ ni, àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra, àgbàlá sì wà láàárín. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, òun náà ni wọ́n sì máa ń pè bí ọkùnrin bá kú ládùúgbò tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ti lọ sí Ìlọrin fún ìsọmọlórúkọ, ìyá bàbá mi ló sì wá dúró tì wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Àbúrò mi kò tíì pé mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà, ìrun ọ̀sán, ni ìjì kan dé. Ó ṣí páànù ilé ìdáná, ó tẹ òpó iná tó wà lẹ́yìn ògiri wa, wáyà sì já bọ́ sínú àgbàlá. Iná lọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí òjò fi máa dá, omi ti mu ènìyàn dé kókósẹ̀ lágbàlá, wáyà náà sì nà gbọọrọ sínú rẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ kan, Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Èkìtì, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ó yọjú, ó rí ṣòkòtò kákí rẹ̀ tó léfòó.

"Àáfà, ẹ jẹ́ n yáa mú ṣòkòtò mi. Iná ti lọ, wáyà yẹn ti kú."

"Ta ló sin ín?" ni bàbá mi dáhùn. "Padà sínú ilé. Bó o bá kú, èmi kọ́ ni n ó wẹ̀ ọ́. Ta ni kí n wá lọ ké sí ní Èkìtì?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Bàbá mi gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn bá aládùúgbò wa sọ̀rọ̀ lédè Hausa, pé kó bá wa sáré pe àwọn oníná kí wọ́n wá gé wáyà. Ó ní kí gbogbo wa jókòó sórí ẹní.

Ni àkókò Alásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́, bá tó. Ìyá àgbà dìde, ó gbé búta tó fi ń ṣe àlùwàlá. Ìkòkò omi òjò ti kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àgbàlá lọ́hùn-ún. Nínú yàrá, omi inú àmù kò ju ife méjì lọ, àbúrò mi la sì fi pamọ́ fún.

"Ìyá, ẹ ṣe tàyámáàmù," ni bàbá mi wí. Àlùwàlá erùpẹ̀ nìyẹn, tí a máa ń ṣe bí omi ò bá sí.

"Kai! Omi kún ilé bí odò, o ní kí n fi erùpẹ̀ nu ojú? Ṣé kéú tí mo rán ọ lọ kà náà nìyí?"

"Omi tí ikú bá dúró níwájú rẹ̀, Ìyá, kò sí omi níbẹ̀."

"Ikú wo? Iná tí kò sí láti Àìlà! Yà lọ́nà, àkókò ìrun ń lọ."

Ó ká ìró rẹ̀ sókè. Bàbá mi wò ó, ó sì wo omi. Ta ló máa fi ọwọ́ di ìyá rẹ̀ mú? Ṣe ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, jálàbíà funfun rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀ tí òjò gbá wọlé.

"N ò lè fọwọ́ kàn yín, Ìyá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kọjá lórí mi."

Kò sí ìyá tó ń dá ọmọ rẹ̀ kọjá.

"Dìde. Àgbàlagbà bíi tìẹ!"

"Ìyá, mo ti wẹ ọmọkùnrin kan rí tí wáyà pa lẹ́yìn òjò. Òun náà rò pé iná ò sí ni."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Ìyá àgbà wá gbé búta sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri alámọ̀ bí ẹni tó ń na ọmọ, ó fi nu ojú, ó fi nu ọwọ́. A kírun.

A ò tíì ka tẹ̀súbáà tán tí gílóòbù fi tàn lókè orí wa. Gbogbo Limawa hó fún ayọ̀, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́ kiri. Omi àgbàlá wa ń ta pàrà pàrà. Pẹ́pẹ́yẹ tí Ìyá àgbà gbé wá láti Ìlọrin ti ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti dá. Pẹ́pẹ́yẹ náà gbẹ́sẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì kú. Ohun kan bú gbàù lókèèrè, iná tún lọ.

Kúlíkúlí la jẹ títí àwọn oníná fi dé ṣáájú ìrun Màgàríbà ní àṣálẹ́. Wọ́n gé wáyà, wọ́n ká a lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mi bi wọ́n bóyá ó ti tán kó tó fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀.

Ìyá àgbà ló jáde kẹ́yìn. Ó wo pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ títí, ó sì wo ibi tí ìkòkò wà. Kò ní òun jẹ̀bi. Ó kàn yíjú sí bàbá mi.

"Ẹ̀wù rẹ ti dọ̀tí," ló wí. "Bọ́ ọ, kí n bá ọ fọ̀ ọ́."

Bàbá mi ní kó má ṣe wàhálà, èmi ọmọ rẹ̀ ni n ó fọ̀ ọ́. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni, ó sì fi omi òjò inú ìkòkò yẹn fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yín bá fẹ́ gbé yín lọ bá ikú, kí Ọlọ́hun fún yín ní ẹni tí yóò dí ẹnu ọ̀nà, kó sì fún yín ní ọkàn tí kò ní dá a kọjá. Àmín.