Ìlà Tí Mo Fò Nínú Lẹ́tà Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, èmi nìkan ni mo mọ̀wé kà nínú ilé wa, nítorí náà èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà bàbá mi fún ìyá mi.

Sójà ni bàbá mi, Kàdúná sì ni bárékè rẹ̀ wà. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ẹ ń sọ nínú ìpàdé ẹbí ní Jahi, ní Àbújá níhìn-ín, pé ó fẹ́ràn ìbọn ju aya àti ọmọ lọ, ẹ jókòó, kí n sọ ohun tí ẹ kò mọ̀ fún yín. Tó bá gba ìsinmi wálé, yóò tò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò yẹ èékánná wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni yóò fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ ilé-ìwé wa fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò a máa rẹ́rìn-ín: "Odidi sójà ń lọ aṣọ ọmọ!" Òun a ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọmọ mi ni, kì í ṣe ọmọ yín."

Bàbá yín ni olórí ilé. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wa, òun ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka gbogbo lẹ́tà fún, ní oko, kí n tó kà á fún ìyá mi. Lọ́dún tí mo yege láti wọ ilé-ìwé girama, ọ̀kan dé. Bàbá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Wọ́n ti fún mi ní yàrá méjì. Mo ti ra kọ́tìnì aláwọ̀ ewé, irú èyí tí o fẹ́ràn. Kó àwọn ọmọ wá lẹ́yìn ìkórè."

Bàbá yín dá ọkọ́ dúró. "Tó o bá délé, fo ibẹ̀ yẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá?"

"Mo ní kí o fò ó. Ta ni yóò bá mi ro ẹ̀gẹ́ yìí? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé àárín àwọn sójà lo ti fẹ́ ka girama?"

Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló jẹ ẹ́ lógún, kì í ṣe ìwé mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló fo ìlà náà.

Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí. "Ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán, Màámi."

"Kò tún sọ nǹkan kan?"

"Ó ní ẹ kú iṣẹ́ oko."

Ó mi orí, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Èsì tó ní kí n kọ kò ju pé ewúrẹ́ ti bí méjì.

Nígbà tí bàbá mi gba ìsinmi wálé, bàbá yín ti lọ pàdé rẹ̀ níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀: "Ìyàwó rẹ ní òun ò lè gbé bárékè. Má bá a jà." Bàbá mi kì í ja ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níyàn. Kò bi ìyá mi léèrè, ìyá mi náà kò bi í. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ìyá mi sì kú pẹ̀lú èrò pé ọkọ òun kò fẹ́ òun lọ́dọ̀.

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá. Ó gba ilẹ̀ díẹ̀ sí Kwali nítòsí ibẹ̀, ó ń gbin iṣu. Mo bẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sán Sátidé kan. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé náà wà lójú fèrèsé rẹ̀, ó ti ṣá. Ó bu omi fún mi.

"Akọ̀wé mi, kí ló dé gan-an tí ìyá rẹ ò fi wá?"

Bàbá yín ti kú nígbà náà. Kò sí ẹni tí mo tún ń bẹ̀rù. Síbẹ̀ mo ní, "Iṣẹ́ oko ló pọ̀, sà."

"Yauwa," ó fi Haúsá gbà pẹ̀lú mi. "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Kò mọ ìsinmi, obìnrin yẹn."

Kí wọ́n tó wa iṣu ọdún náà, a ti sin ín.

Ayé ti yí. Kàlàbá ni ọkọ ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń rí ojú rẹ̀ nínú fóònù. Àwọn ọmọ wọn kò lè ka Yorùbá, Òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, mo sì máa ń bá wọn wí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, ọkọ náà ní, "Mo ti rí ilé. Ẹ máa bọ̀." Ìyàwó rẹ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Kò sí ọmọ kankan tó jókòó sáàárín wọn.