Ọjọ́ tí Ìtàn Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ Gba Ẹnu Mi Kọjá

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo fẹ́ ròyìn ọjọ́ tí mo parọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níwájú bàbá àgbà mi, tí mo rò pé kò gbọ́.

Ó ti pẹ́. Kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ tí ìjọba ológun yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa kúrò ní Dàhòmì sí Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Gẹ̀ẹ́sì níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá ń yí. A kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní "mìsíyé", ìyẹn ọ̀gá ní Faransé, mọ́, "kámárádì" ni gbogbo wa. Ìyá mi, tó ń ta gààrí lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, kò fẹ́ wàhálà ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ wàhálà Ọlọ́run. Ó ń pe lèmọ́mù àdúgbò wa ní "Kámárádì Àlùfáà", á sì kúnlẹ̀ kí i bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ lè bi mí pé níbo lọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn? Àjàṣẹ́ olú ìlú wa ni, nínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà ti darúgbó, àmọ́ ta ló máa sọ fún mi? Rédíò tí gbogbo ayé ń pè ní rédíò, "wireless" lìwé tèmi ń pè é. Bí àlejò bá dé, ìwé ní kí n wí pé, "Pray, be seated." Mo gbà á gbọ́, mo sì fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Bàbá àgbà mi, tó bí ìyá mi, ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ojú irin ní Èkó nígbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n "masa" àti "kọmọ́ọ̀n" nìkan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo wá rò pé gbogbo ohun tó mọ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí olórí dísítíríìkì fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ẹnjiníà kan ń bọ̀ láti Nàìjíríà wá wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbin ìrèké sí. Wọn yóò mú un dé ẹsẹ̀ òkè, kí àgbàlagbà kan sọ ìtàn ìlú fún un. Bàbá àgbà mi ni wọ́n yàn. Kámárádì kan ń bọ̀ láti Kùtọ́nú láti bójú tó ọ̀rọ̀ náà, kò sì gbọ́ Yorùbá. Nítorí náà, Bàbá yóò sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, èmi á túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún Kámárádì, tí Kámárádì bá ti fọwọ́ sí i, èmi á tún wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àlejò.

Olórí dísítíríìkì bá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n ṣì ń wá olùkọ́ ní Malanville.

Ṣé ẹ mọ Malanville? Lọ́hùn-ún létí odò Ọya, níbi tí ilẹ̀ wa parí sí. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Mi ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà.

Ọjọ́ pé. Àlejò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn nínú oòrùn Ṣábẹ̀ẹ́, ó wọ awò dúdú. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀, "Kámárádì Ẹnjiníà" ni wọ́n ń pè é. Mo tẹ̀ síwájú, mo nawọ́ sí àga, mo ní, "Pray, be seated, sir."

Ó wò mí bí ẹni tó rí ìyá rẹ̀ àgbà tó ti kú. Ó fèsì kíákíá, ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo sì mú nínú rẹ̀. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó ní láyé àwọn baba òun, àwọn jagunjagun ọba Dàhòmì ya wọ ìlú yìí, wọ́n sun ilé, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú. Ìyá ìyá òun wà lára àwọn tó sá gun òkè. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi wà nínú ihò àpáta, omi òjò tó dúró sójú àpáta ni wọ́n ń mu.

Mẹ́rìnlá? Nílé wa, ọjọ́ méje ni mo ti ń gbọ́ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ṣé ibẹ̀ ni màá ti bi í? Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé bó ṣe wí.

Ojú Kámárádì yí padà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní a kì í sọ irú ìyẹn mọ́, ọ̀kan ni gbogbo wa. Ó ní Dàhòmì gan-an kò sí mọ́, báwo ni ohun tí kò sí ṣe máa jagun? Ó ní kí n sọ pé àwọn amúnisìn ló kó ogun wá, àwọn arákùnrin wa láti Dàhòmì ló sì wá gbà wá sílẹ̀.

Mo ní, "Kámárádì, Bàbá kò wí bẹ́ẹ̀."

Ó nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ ní Kùtọ́nú pé níwájú òun ni wọ́n ti pe ará Àgbómè, ìlú ọba Dàhòmì, ní ọ̀tá, ó tán fún òun nìyẹn, ọmọ mẹ́rin ló sì wà nílé. Mo wá rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà, bóyá ju tèmi lọ.

Mo ro Malanville. Mo ro ìyá mi. Mo yíjú sí àlejò, mo sì la ẹnu mi sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé mi pé àwọn ará Dàhòmì jẹ́ "our brothers", wọ́n sì wá gbà wá lọ́wọ́ amúnisìn.

Àlejò yọ awò ojú rẹ̀. 

Bàbá ló sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, kí lo pè wọ́n?"

"Bàbá, mo kàn ń túmọ̀ ni."

"Mo gbọ́ bíródà. Ogún ọdún ni mo fi gbọ́ bíródà ní Èkó, kò ṣàjèjì sí mi. Ta ni bíródà ta? Ìyá ìyá mi gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n gun àpáta yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n kó lọ, ojú ọ̀nà ló ń wò títí ó fi kú. Ṣé bíródà ló kó o lọ?"

Mo wolẹ̀. Ojú tì mí dé ìka ẹsẹ̀.

Ìgbà náà ni àlejò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn nínú eruku. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Mo ti ń gbọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni mí."

"Ṣakí tí kò jìnnà síbí?" Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "O gbọ́ Yorùbá, o wá jókòó, ò ń wo ọmọ mi bó ṣe ń làágùn?"

Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ fún òun ní Kùtọ́nú pé ìpàdé ìjọba ni, Gẹ̀ẹ́sì ni kí òun máa sọ.

Kámárádì fà mí láṣọ. Ó ní kí ni wọ́n ń wí? Mo ní àlejò gbọ́ Yorùbá, ó sì ti gbọ́ gbogbo ìtàn Bàbá kí n tó túmọ̀ rẹ̀ rárá. Mo ní Bàbá wí pé wọn kì í ṣe arákùnrin. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ nǹkan kan, mo wá ń dúró de Malanville.

 Kámárádì tú ìwé pélébé ọwọ́ rẹ̀, ó fagi lé ojú ewé kan, ó kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó pa á dé. Ó sọ fún mi pé nínú ìjábọ̀ òun, ọ̀rọ̀ ìrèké nìkan la sọ láàárọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ló fa àga rẹ̀ sún mọ́ Bàbá, ó ní kí n bi í bóyá wọ́n rí oúnjẹ jẹ nínú ihò náà.

A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí àlejò ń lọ, ó sọ fún mi ní Yorùbá pé Gẹ̀ẹ́sì mi dára gan-an, kìkì pé àwọn tó ń sọ ọ́ ti kú tán. Ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nísinsìnyí sí ẹ̀yìn ìwé mi. Mo fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Mọ́ńdé. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé irọ́ ni ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kì í ṣe irọ́, ó kàn dàgbà ni.

Mo bẹ Bàbá lọ́nà ilé, ó dárí jì mí. Mo wá bi í nípa ọjọ́ mẹ́rìnlá, pé ṣebí méje ni.

Ó ní, "Méje ni ti inú ilé. Ẹni tó ti Nàìjíríà wá, ṣé méje péré ni màá gbé fún un?"

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó bínú nítorí bíródà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ á máa yí, ìtàn náà á máa yí, kò sí ẹni tó lè dì í mú. Bàbá fi ọjọ́ méje kún un nítorí ayọ̀ àlejò. Èmi fi ẹ̀rù yọ ẹni tí wọ́n kó lọ kúrò nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í ṣe bákan náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń túmọ̀, mo máa ń bi ara mi pé ta ni mò ń yọ kúrò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìtàn wo ni àgbà ilé yín máa ń sọ, tí ẹ tún wá gbọ́ níbòmíràn tó ti yàtọ̀? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí kí gbogbo wa kà á. Bí àgbà náà bá ṣì wà láàyè, ẹ lọ bi í lọ́sẹ̀ yìí. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí ti àná, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.