Ìyá Onísíìpù àti Tíkẹ́ẹ̀tì Iwájú

Ẹnikẹ́ni tí síìpù aṣọ rẹ̀ bá já ní àdúgbò yẹn mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìdí nìyí tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Ìyá Onísíìpù. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ: máṣíìnì méjì, tábìlì ìgéṣọ, dígí gígùn kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sán, àti àpótí ìgbórin kékeré kan tí kì í sinmi. Orin obìnrin kan ṣoṣo ló sì máa ń jáde nínú rẹ̀, obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Màmá Olórin. Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n yí i padà, Ìyá Onísíìpù á ní kò burú, kò sì ní yí i.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yẹn, ó sì ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sí ìgbà náà báyìí. Ó mọ ibi tí Màmá Olórin ti ń mí nínú orin kọ̀ọ̀kan. Ó mọ èyí tó kọ nígbà tí òtútù mú un, tí ohùn rẹ̀ há díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí i rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí olórin wá sí ìlú wọn, ìrọbí ló mú un. Ìgbà kejì, ọkọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, ibẹ̀ náà ló sì gbà lọ sọ́run. Ìgbà kẹta, kò kàn sówó ni, kí n má purọ́. Nígbà tí wọ́n wá kéde pé Màmá Olórin tún ń bọ̀, pé lẹ́yìn èyí ó ń fi orin kíkọ sílẹ̀ pátápátá, ó ní òun ti ṣetán. Bí kò bá rí i lọ́tẹ̀ yìí, ó di gbére.

Lọ́jọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì máa jáde, kò ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ti jókòó sójú fóònù láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Fóònù ní kó tò sórí ìlà, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ènìyàn ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi, irú ìlà wo ni ènìyàn ń tò tí kò lè rí ẹni tó wà níwájú, tí kò lè fa ẹni tó já ìlà lẹ́wù? Àmì roboto kan ń yí lójú fóònù, ó ń yí, kò lọ, kò bọ̀. Kò lè jẹun, kò lè tọ̀, kí àyè rẹ̀ má baà bọ́. Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù kó tó kàn án, iye tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ láàárọ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ìjókòó iwájú jẹ́ owó ṣọ́ọ̀bù oṣù mẹ́ta. Ti ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí olórin á ti máa rí bí èèrà lójú ẹni, owó oṣù kan àtààbọ̀. Ó wò ó títí. Fóònù sọ fún un pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún fún un láti rà á. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó lé e jáde.

Àwọn olólùfẹ́ Màmá Olórin ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bú àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tìyá tìyá. Wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà, kó kú sí wọn lọ́wọ́. Ìyá Onísíìpù ló pariwo jù níbẹ̀, ìpinnu láti má ná owó tí ènìyàn kò ní kì í ṣáà nira. Ọjà náà kò sì tà lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìjókòó ṣì ń retí olówó rẹ̀, àwọn tó ń tà á kò yọ nǹkan kan kúrò lára iye rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí olórin máa wọlé ni alábòójútó gbọ̀ngàn ìṣeré gbé aṣọ dúdú wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìdì mẹ́rìnlá. Ó ní kó rán wọn pọ̀ mọ́ra, kó fi rọ́bà sí etí rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi bò?"

"Ìjókòó ẹ̀yìn, ìyá. Kò tà. A ò fẹ́ kí kámẹ́rà rí i pé ó ṣófo."

"Kí ló dé tí ẹ ò dín owó rẹ̀ kù, kí ènìyàn jókòó sí i?"

"Tí a bá dín in kù, àwọn tó ti rà á lọ́wọ̀n-ọ́n ńkọ́? Wọ́n á fà wá ya. Aṣọ kì í bínú ní tiẹ̀."

Ó gbé ìtìjú tà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nínú èyí tí mo fẹ́ bò, ẹ yọ ẹyọ kan fún mi. Kódà kó jẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn òpó."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ la gbé wá, ìyá. A ó sanwó iṣẹ́."

Ó gba iṣẹ́ náà, nítorí ebi kì í mọ olólùfẹ́ olórin. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rán an. Òwú dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀, owú tó dúdú jù ú lọ wà nínú rẹ̀. Ó ń jowú ẹni tó ra iwájú, ó ń jowú kámẹ́rà, ó ń jowú aṣọ tó ń rán gan-an, nítorí aṣọ á wà nínú gbọ̀ngàn nígbà tí Màmá Olórin bá lanu.

Àárín iṣẹ́ yìí ni àbúrò rẹ̀ yà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọdún mẹ́fà ló wà láàárín wọn, òun ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Ilé ìwòsàn dókítà eyín ni àbúrò ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń kọ orúkọ àwọn tí eyín ń dùn. Ọmọ náà kò níwà burúkú kan, ìyẹn gan-an ló ń dun ẹ̀gbọ́n. Láti kékeré ni nǹkan ti ń wá bá a láìjẹ́ pé ó nawọ́. Bàtà tí àwọn ẹlòmíràn ti wọ̀ gbó ni wọ́n máa ń fún Ìyá Onísíìpù. Bó bá fi máa wọ̀ ọ́ tán, kò ní ṣeé jogún mọ́, wọ́n á bá ra tuntun fún àbúrò. Iná jó ìwé ẹ̀rí ẹni mẹ́ta nílé ìwé wọn, ti ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ọkọ àbúrò ń fọ abọ́. Kí ni ènìyàn á ti sọ ìyẹn sí?

Àbúrò jókòó sórí ìdì aṣọ dúdú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gbọ́. Wọ́n ń pín tíkẹ́ẹ̀tì iwájú lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn ilé iṣẹ́ kan kí iwájú lè kún. Wọ́n fún dókítà wa ní ẹyọ kan. Kò fẹ́ lọ, ó ní kí àwa òṣìṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣẹ́ gègé sí i."

Abẹ́rẹ́ gún ẹ̀gbọ́n níka. Lọ́fẹ̀ẹ́. Òun tò láti àárọ̀ dọ̀sán, wọ́n wá ń gbé e lé àwọn tí kò tò lọ́wọ́. Ó fa ìka náà mu, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti mọ ẹni tí gègé máa mú. Ó sọ fún àbúrò pé òun náà ń lọ sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ẹtì tí olórin máa kọrin, pé òun fẹ́ lọ fi aṣọ bo ìjókòó ẹ̀yìn. Ó fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀fẹ̀, kò jọ ẹ̀fẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago méjì kọjá díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò wọlé. Bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ náà ló ṣe tẹ̀ ẹ́, kò sí àmì lórí, kò sí ní ìsàlẹ̀:

"Tiketi de o. Iwaju ni. Eyin ni e n lo, kii se emi. E tete da mi lohun ki aago merin to lu."

Ìyá Onísíìpù kà á lẹ́ẹ̀kan. *Ẹ̀yìn ni ẹ ń lọ, kì í ṣe èmi.* Ó tún un kà, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ọmọ tí òun fi ẹ̀yìn òun pọ̀n ló wá ń sọ fún òun pé ẹ̀yìn ni òun ń lọ. Iwájú ni tiẹ̀. Ó tún ní kí òun tètè dáhùn, bóyá kí òun kí i kú oríire. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àbúrò, kí n sọ òótọ́ fún yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mọ́ ọn pé ó dé.

Ó tẹ èsì: "Emi ki i je ajeku enikeni. Iwo maa lo." Ó ju fóònù sínú dúrọ́ọ̀ bọ́tìnnì, ó tì í. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fóònù ń gbọ̀n láàárín àwọn bọ́tìnnì, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà ń tẹ pẹ́dáàlì máṣíìnì kí ó má baà gbọ́ ọ.

Nígbà tí ọjọ́ ń rọ̀, bàbá aṣebàtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wọlé wá tọrọ abẹ́rẹ́ ńlá. Ó bá a tó ń nu imú sí ọwọ́ aṣọ rẹ̀.

"Ìyá, kí ló dé?"

"Bàbá, ẹ bá mi wo ohun tí ọmọ ìyá mi kọ sí mi." Ó yọ fóònù jáde.

Bàbá gbé awò ojú rẹ̀ sókè. Ẹni tó máa ń kàwé pẹ̀lú ẹnu ni, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kó ìṣó. "Tíkẹ́ẹ̀tì dé o. Iwájú ni. Ẹ̀yin ni ẹ ń lọ, kì í ṣe èmi." Ó dá fóònù padà fún un. "Ọmọ dáadáa nìyí. Kí lẹ wá ń sunkún sí?"

"Ẹ tún un kà."

Bàbá tún un kà. Bákan náà ló jáde. Ìyá Onísíìpù wo aago ara ògiri, ó ti di aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Kò ti ṣọ́ọ̀bù. Òpópónà méjì ló sá kọjá, tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó bá àbúrò rẹ̀ nídìí tábìlì, àwọn ènìyàn jókòó ti ògiri, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ojú àbúrò ti wú.

"Tíkẹ́ẹ̀tì náà dà?"

"Mo ti fi orúkọ ara mi sí i. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin tí wọ́n ní ká fi orúkọ ránṣẹ́ lù. Mo pè yín títí, ẹ ò gbé e. Ẹ ní àjẹkù ni."

"Ẹ̀yìn ni mo kà."

"Ẹ̀yìn wo?"

"Ẹ̀yìn ni ẹ ń lọ. Bí mo ṣe kà á nìyẹn."

Àbúrò wò ó. Kò bínú, ìbá tilẹ̀ sàn kó bínú. "Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣé mo ti pè yín ní ohun mìíràn rí yàtọ̀ sí ẹ̀yin?"

Ọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì ń wo tọ̀tún tòsì. "Ẹ má bínú," ló wí, "eyín tèmi ńkọ́?" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó tún fọwọ́ di ẹnu nítorí ìrora. Àbúrò ṣí ojú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó yí i kọjú sí ẹ̀gbọ́n kó fi ojú ara rẹ̀ rí i: orúkọ kò ṣeé yí mọ́, ẹni tó ni orúkọ náà nìkan ni wọ́n á jẹ́ kó wọlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó lọ fi aṣọ bo ìjókòó ẹ̀yìn láàárọ̀. Ìlà mọ́kànlélógún ló bò, rọ́bà náà sì mú gírígírí, kò sí ibi tó ká. Kò wo iwájú. Nígbà tí alábòójútó ń yìn ín pé iṣẹ́ rẹ̀ dán, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àbúrò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ ti tú. Ẹ̀gbọ́n ní kó gorí àpótí ìjókòó, òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rán an lára rẹ̀. Aṣọ náà bá a mu. Gbogbo nǹkan ló ń bá ọmọ yìí mu, owú náà kò lọ, ó kàn sún mọ́ra ni. Ó mọ̀ pé òun ló jẹ̀bi, ìyẹn kò sì dín in kù rárá.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò wí lórí àpótí, "wọ́n ní orin kan wà tó fi máa ń parí, tí gbogbo èrò máa ń bá a kọ. Ẹ kọ́ mi. Iwájú ni mo máa wà, mi ò fẹ́ máa lanu lásán."

Ó kọ́ ọ. Ó fi ibi tí Màmá Olórin ti ń mí hàn án, ó fi ibi tí ohùn ti ń rọlẹ̀ hàn án. Àbúrò ń gbà á, ó ń ṣì í, ó ń tún un gbà, ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ìlà kan ló kù, ìlà ìkẹyìn, èyí tí olórin máa ń dákẹ́ sí kí èrò lè bá a gbé e. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n dúró lára aṣọ.

"Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?"

"Ibẹ̀ náà ni," Ìyá Onísíìpù wí, ó fi eyín já òwú, ó sì ní kó sọ̀kalẹ̀ kó má baà pẹ́.