Ìgbì Tó Lọ, Tó Tún Bọ̀

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Oníkébù ti ń so wáyà tẹlifóònù pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ìwé ẹ̀sùn kankan kò sì wọ inú fáìlì rẹ̀ rí. Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí akọ̀wé fi àpòòwé funfun lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, tí kò lè wò ó lójú. Lẹ́tà náà ní kó lọ jókòó sílé ná, nítorí ìso tó ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ti tú, òun ló sì pa gbogbo tẹlifóònù ilé ìwòsàn láti ọjọ́ Ẹtì.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Ara rẹ̀ gbóná. Ìso rẹ̀ kì í tú. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ pàápàá máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìyá yìí bá so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ẹni tó ni ewúrẹ́ á ní láti gé okùn ni, kò ní rí i tú.

Kò gba ilé lọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló gbà lọ tààrà. Ọ̀gá yìí kò tíì pé ogójì ọdún, “Mọ́mì” ló sì máa ń pè é, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó fa bébà kan yọ, ó ní kó wo ẹ̀rí fúnra rẹ̀.

Inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tí kébù ti bàjẹ́ ni bébà náà ti jáde. Ẹ̀rọ yìí máa ń ta ìgbì iná kékeré kan sínú wáyà. Ìgbì náà á sáré títí á fi kan ibi tí wáyà ti bàjẹ́, á sì ta padà, bí ohùn ẹni tó pariwo sínú kànga ṣe ń padà wá bá a. Ẹ̀rọ á ya àwòrán rẹ̀, á sì kọ iye àkókò tó lò. Bí a bá gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, mẹ́rin péré nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ. Igba mítà sì ni ìgbì ń sá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ti ka igba lọ́nà mẹ́rin, ó ti rí ẹgbẹ̀rin. Ìso ìyá náà sì wà ní ẹgbẹ̀rin mítà gẹ́ẹ́ sí ọ́fíìsì.

Ìyá Oníkébù wo bébà náà, ó wo ojú ọ̀gá.

“Ọ̀gá, àkókò tí ẹ̀rọ kọ yìí, ṣé ti àlọ nìkan ni, àbí ti àlọ àti àbọ̀?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mọ́mì, ẹ lọ sinmi. Àwọn tó ń walẹ̀ ti wà níbẹ̀.”

Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ní kó fara balẹ̀. Ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ìyá náà fèsì pé ogún ọdún ti pọ̀ jù fún aláìsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ti sọ fún un pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹsẹ̀ ni òun fi sáré lọ kanlẹ̀kùn dókítà nílé, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára obìnrin kan tó ń rọbí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé dókítà wà nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ká ìyá náà lára ju lẹ́tà lọ: wọ́n ń gbẹ́ ibi tí kò ṣe nǹkan kan, ilé ìwòsàn sì dákẹ́ bí ibojì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olórí àwọn tó ń walẹ̀ yà sílé rẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Ó ní àwọn ti fi ọ̀bẹ la ìso náà, inú rẹ̀ gbẹ bí egungun, wáyà rẹ̀ ń dán. Ó ní ọ̀gá ti ní kí àwọn tún gbẹ́ mítà mẹ́wàá sí i síwájú. Wọ́n la ìso òun!

Ní Ọjọ́rú, ó gbọ́ pé alábẹ̀wò ti dé láti olú iléeṣẹ́, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Oníkébù ká okùn ìsáṣọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó kó o dání, ó wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé láìkanlẹ̀kùn.

Ó so okùn mọ́ irin ojú fèrèsé típẹ́típẹ́, ó fà á le díẹ̀, ó sì ju ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan. Gegele kan sáré lórí okùn náà lọ bá irin, ó sì ta padà, ṣùgbọ́n ó ti dorí kodò. Ó tú u. Ó so okùn mọ́ òrùka kọ́kọ́rọ́ kan tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lára irin tó dúró ṣánṣán. Ó tún ju ọwọ́. Gegele lọ, ó bọ̀, orí rẹ̀ sì wà lókè bó ṣe lọ.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà,” ló wí. “Bí wáyà bá já, ẹnu rẹ̀ wà lófìfo, ìgbì á gbé orí sókè padà wá. Bí wáyà méjì bá fẹnu kan ara wọn, á dorí kodò. Ẹ wo àwòrán yín.”

Alábẹ̀wò na bébà sí ìmọ́lẹ̀. Ìgbì inú rẹ̀ dorí kodò.

“Kò sí ohun tó tú,” ni ìyá náà wí. “ Nǹkan ló tẹ kébù pa. Ẹgbẹ̀rin mítà tí ẹ ṣírò sì jẹ́ ti àlọ àti àbọ̀. Ẹ dá a sí méjì.”

“Irinwó,” ni alábẹ̀wò wí. “Kí ló wà ní irinwó mítà?”

Gbogbo wọn ló mọ̀. Ọgbà onírin ibi ìgbọ́kọ̀sí tuntun ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló dúró ti àwọn tó ń ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀.

Wọ́n hú òpó kẹta. Ìdí rẹ̀ ti tẹ kébù pẹlẹbẹ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, tẹlifóònù ilé ìwòsàn ti ń dún.

Ọ̀gá wá bá ìyá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ní kí Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Ìyá náà kọ̀. Ó ní lẹ́tà ni wọ́n fi lé òun lọ, lẹ́tà ni kí wọ́n fi pe òun padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ pé “àṣìṣe ìṣirò kan wáyé.” Ó dá a padà. Ó ní àṣìṣe kì í dédé wáyé bí òjò, kí ẹni tó ṣe é kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó ti ń ṣàṣejù. Alábẹ̀wò ní kò ṣàṣejù. Ó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko kí ọ̀gá tó kọ ọ́, tó sì fọwọ́ sí i.

Ìyá Oníkébù kà á, ó ní kí akọ̀wé fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì òun lójú òun. Ó wá gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ síbi ìso rẹ̀, ó sì ń fi aṣọ nu ẹrẹ̀ kúrò lára àwọn wáyà tí wọ́n fi ọ̀bẹ họ, lọ́kọ̀ọ̀kan, inú ṣì ń bí i.