Ẹni Tó Ń Sunkún Nínú Wọ́díróòbù Mi

Wọ́n ní mo ti ènìyàn mọ́ wọ́díróòbù ní Basawa níbí.

Àná ni Alhaji, onílé wa, kìlọ̀ pé tí àwọn bá tún gbọ́ ariwo gìtá mi, kí n kó jáde. Áńpù mi, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, sì rèé, ti àtijọ́ tó ní gílóòbù nínú ni. Kì í dùn àfi téèyàn bá yí i sókè dáadáa. Lónìí, mo gbé e sáàárín aṣọ nínú wọ́díróòbù, mo tilẹ̀kùn, mo yí i sókè. Ó dùn, kò sì pariwo.

Ìyá Sàídù, aládùúgbò mi, kanlẹ̀kùn. "Wallahi, ta lò ń fìyà jẹ níbẹ̀?"

"Gìtá ni, Màmá."

"Gìtá wo ló ń bẹ̀bẹ̀ báyìí? Tú u sílẹ̀!"

Màmá ti lọ pe Alhaji. Mo ti ń gbọ́ bàtà wọn.

Ẹ tètè fèsì: ṣé kí n ta gìtá yìí létí Alhaji kí wọ́n mọ̀ pé òun ló ń ké, kí wọ́n sì lé mi, àbí kí n dákẹ́ kí wọ́n pe ọlọ́pàá?